Kútọnu sí Montreal: ibi tí bàálù máa ti dúró ni kẹ́ ẹ wò

Ẹ ní ìyá yín fẹ́ lọ tọ́jú ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Montreal ní Kánádà, ẹ wá ń bèèrè bí ibẹ̀ ṣe jìn sí Kútọnu tó àti iye wákàtí tí wọ́n máa lò lójú òfuurufú. Èmi náà ti mú ìyá mi rin ọ̀nà yẹn láti Kétu ti Bẹ̀nẹ̀ níbí.

Tí wọ́n bá fa ìlà tààrà, ó lé díẹ̀ ní 8,400 kìlómítà. Ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì máa sọ fún yín nìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí bàálù tó ń gba ibẹ̀ tààrà. Tí ẹ bá gba Pàrísì, nǹkan bíi 4,740 kìlómítà ni, wákàtí 6 àti díẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ti máa ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, 5,500 kìlómítà mìíràn, nǹkan bíi wákàtí 7 àbọ̀. Gbogbo rẹ̀ wá lé ní 10,000. Casablanca ní Mòrókò kò fi bẹ́ẹ̀ yà kúrò lọ́nà, àpapọ̀ rẹ̀ kò pé 9,000. Ti Istanbul ní Tọ́kì lé ní 12,000, torí pé ìlà oòrùn lẹ máa kọ́kọ́ lọ.

Ẹ má ka aago inú tíkẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń ka aago ilé o! Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ẹ lè rí i pé bàálù gbéra ní Pàrísì ní aago kan ọ̀sán, ó sì balẹ̀ ní Montreal ní aago méjì àbọ̀ ọ̀sán ọjọ́ kan náà. Wákàtí kan àbọ̀ kọ́ nìyẹn, wákàtí 7 àbọ̀ ni, torí wákàtí 6 ni Pàrísì fi ṣáájú Montreal. Àwa ní Bẹ̀nẹ̀ kì í yí aago wa padà. Wákàtí 6 la fi ń ṣáájú Montreal nígbà òtútù wọn, ó di 5 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ìrìn ìpadàbọ̀ máa ń yá díẹ̀, atẹ́gùn òkè a máa ti bàálù láti ẹ̀yìn.

Ìdúró àárín ọ̀nà ló ń pa àgbà lára jù. Ẹsẹ̀ ìyá mi wú débi pé bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́ ní Pàrísì, ìrìn láti ẹnu ọ̀nà kan sí èkejì sì jìn gan-an. Nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti àgbàlagbà. Ẹ kì í sanwó fún un, ẹni tó ń tì í ló sì máa mú wọn kọjá gbogbo àyẹ̀wò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dìde rìn nínú bàálù, kí wọ́n sì wọ bàtà tó gbà wọ́n láyè.

Ẹ ka ọ̀nà ilẹ̀ náà mọ́ ọn. Láti Kétu, ẹ máa gba Pobè, Sakété àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) kẹ́ ẹ tó dé Kútọnu, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀ kò sì mọ àgbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sun Àjàṣẹ́ mọ́jú, kí wọ́n sì dé pápákọ̀ òfuurufú ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú.