Ta ni ẹ ń dáwó fún: bàbá ni àbí àwọn ọmọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa n'Ìgbógbó, Ìkòròdú, ló ní kí n kọ̀wé sí yín. Ọkùnrin ọlọ́kadà kan wà ládùúgbò wa, ògógóró àti oògùn olóró tí wọ́n ń pè ní kolorádò ti sọ ọ́ di ẹdun arinlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kó jáde, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, ọmọ ọdún méjìlá ni àgbà inú wọn. A fẹ́ dáwó ran àwọn ọmọ náà lọ́wọ́. Bàbá oníṣègùn kan lọ́nà Ìmọ̀ta ní òun máa gba ₦200,000, òun á de ọkùnrin náà mọ́lẹ̀ fóṣù kan, kò sì ní rántí ọtí mọ́. A ti san ₦40,000 sílẹ̀. Ṣé ká gbé fọ́tò àwọn ọmọ náà sórí Facebook kí owó tó kù lè tètè pé?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àánú ṣíṣe, ẹ̀yin ìyá mi. Àmọ́ kò sí ọmọ kankan nínú owó tí ẹ ń dá yìí. Mo ka lẹ́tà yín, mo wo ibi tí owó ń lọ: ₦200,000, gbogbo ẹ̀ pátá di ọ̀dọ̀ bàbá oníṣègùn. Inú fọ́tò nìkan làwọn ọmọ wà.

Irú lẹ́tà báyìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, láti Ẹ̀pẹ́, láti Àgbádárìgì, ohun kan náà sì ni gbogbo wọn gbà gbọ́: pé bí bàbá bá ti bọ́ lọ́wọ́ ọtí, àwọn ọmọ ti bọ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti dídè mọ́lẹ̀ kúrò lọ́nà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tó ti ń mu ògógóró láràárọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí ẹ bá gbà á lẹ́nu rẹ̀ lójijì, láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, ó lè máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, gìrì lè gbé e, ó sì lè kú. Àwọn tó dè é á máa yọ̀ pé ẹ̀mí burúkú ló ń jáde. Oògùn wà nílé ìwòsàn tí wọ́n fi ń mú ara rẹ̀ rọlẹ̀ títí ewu á fi kọjá, wọ́n sì ń fún un ní thiamine (fítámì B1) kí ọpọlọ rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Human Rights Watch, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, gbé ìròyìn jáde lọ́dún 2019 lórí ibi 28 tí wọ́n dé ní Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tí ọpọlọ wọn ń yọ lẹ́nu sí: ẹ̀wọ̀n ni wọ́n bá lẹ́sẹ̀ èèyàn níbi púpọ̀, àti lẹ́sẹ̀ ọmọdé pàápàá. Tí ẹ bá ti mú ọkùnrin yẹn lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn náà, ẹ lọ gbé e wá sí Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú lónìí, ẹ má dúró dọ̀la. Láti ibẹ̀ wọ́n lè kọ̀wé fún un lọ sílé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá tàbí Aró l'Ábẹ́òkúta. Tí kò bá tíì lọ, ẹ pe NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, lórí 0800 1020 3040, kì í gba kírẹ́díìtì, wọ́n á bá yín sọ̀rọ̀ lórí ti kolorádò náà. Èmi ò fojú rí i o, n kì í sì í ṣe dókítà rẹ̀.

Ká ní ó tiẹ̀ dé ọwọ́ dókítà tó mọṣẹ́ jù. Ìtọ́jú yẹn á gba oṣù, ó lè gba ọdún. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń padà sídìí ọtí kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Bí àìsàn náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ṣé ọmọ ọdún méjìlá á wá dúró ní méjìlá dè é ni?

Mo mọ ọmọbìnrin kan tó máa ń fi géètì mọ bí bàbá rẹ̀ ṣe rí. Tí géètì bá ṣí lẹ́ẹ̀kan, kò séwu. Tó bá gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ń họ irin kiri, tí kò rójú ihò, á ti kó àwọn àbúrò rẹ̀ wọ yàrá, á pa iná, á fi ọwọ́ bo èyí tó kéré jù lẹ́nu. Bàbá yẹn fi ọtí sílẹ̀ nígbà tó yá, ó sì ń lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ náà ṣì ń gbọ́ géètì. Ẹnikẹ́ni ì báà ṣí i, ìwé á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló dáwó fún ìyẹn? Gbogbo ẹbí ti ṣe ìdúpẹ́ tán.

Èyí tó burú jù ni pé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń rò pé àwọn làwọn fà á: pé torí pé àwọn béèrè owó ìwé ni bàbá fi bínú lọ mutí. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ tí òbí wọn ń mutí ti ń péjọ nínú ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Alateen láti 1957. Ohun mẹ́ta ni wọ́n máa ń tẹnu mọ́ níbẹ̀: ìwọ kọ́ lo fà á, o ò lè dá a dúró, o ò lè wò ó sàn. Ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún àwọn ọmọ ọlọ́kadà yẹn, kí wọ́n gbọ́ ọ léraléra. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Owó ńkọ́? Ẹ ṣì dá a, kó jẹ́ tàwọn ọmọ. Ilé ìwé ìjọba kì í gbowó ilé ìwé, àmọ́ yunifọ́ọ̀mù, bàtà, ìwé àti oúnjẹ ọ̀sán kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ san án fún ẹni tó ń ta nǹkan náà, ẹ gba rìsíìtì. Kó má gba ọwọ́ bàbá wọn kọjá, bó ti wù kó sunkún tó. Kí àkáǹtì jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí ó má jẹ́ ti ẹnì kan. Díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù fún ọdún méjì sàn ju òbítíbitì ọjọ́ kan lọ. Kí ọ̀kan nínú yín tún wà tó ń lọ sọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ kan náà lọ́sẹ̀, tí kì í yẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa yẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá ìyá wọn kàn kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ bi í léèrè ohun tó lé e jáde, kí ẹ má sì fi bú u. Ẹ má kó àwọn ọmọ lọ sílé ara yín o: ọ̀dọ̀ àwọn wẹ́fíà ìjọba ni kí ẹ gbé ìyẹn lọ, kí wọ́n má bàa pè yín ní ajọ́mọgbé lọ́la. Tó bá jẹ́ pé ó ń lù wọ́n, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti owó dídá, ẹ pe DSVA, àjọ ìjọba Èkó tó ń gbógun ti ìwà ipá nínú ilé, lórí 08000 333 333.

Fọ́tò: rárá. Kì í ṣe Facebook, kì í ṣe status, kì í ṣe pátákó ìjọ. Ẹ má sì sọ fún mi pé ẹ máa bo ojú wọn. Ta ni ò ní mọ yunifọ́ọ̀mù yẹn àti ògiri yẹn n'Ìgbógbó? Ẹni tó fi ₦500 ránṣẹ́ á gbàgbé lọ́túnla, àwọn ọmọ kíláàsì wọn á sì máa pè wọ́n lọ́mọ ọ̀mùtí títí wọn á fi ṣe WAEC. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti 2007, kò fẹ́ kí a tú àṣírí ọmọ síta bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé: “À ń dáwó fún ọmọ mẹ́ta ládùúgbò wa tí àìsàn òbí wọn ń fìyà jẹ.” Ó tó. Ẹni tí ò bá lè san láìrí ojú ọmọ, kó gbé owó rẹ̀ dání.

Ní ti ₦40,000 yẹn, kí méjì nínú yín lọ bá bàbá oníṣègùn náà ní pẹ̀lẹ́tù, kí ẹ ní kó dá a padà. Tí kò bá dá a padà, ẹ má torí ẹ̀ san ₦160,000 tó kù.