Má tíì ra sìmẹ́ǹtì yẹn

Àbúrò mi, o ní bàgì sìmẹ́ǹtì mélòó ni wàá fi rẹ́ ilé alámọ̀ yàrá mẹ́ta tí bàbá yín kọ́ sí abúlé orí òkè, lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀. Jọ̀ọ́, má tíì ra nǹkan kan. Ojú mi rí màbo lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ilé ìyá mi ni mo rẹ́. Bàgì 14. Ọ̀kadà ló ń gbé e gun òkè ní méjì-méjì, owó ọlọ́kadà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀. Ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì ìjọba ló ní ayé ilé alámọ̀ ti kọjá, kí n fi sìmẹ́ǹtì bò ó tinú tòde. Kò tilẹ̀ yí ẹ̀yìn ilé wò, kí bàtà rẹ̀ má baà dọ̀tí.

Lẹ́ẹ̀rùn àkọ́kọ́, ilé ń dán gbinrin. Òjò ọdún kejì ni mo kan ògiri, tó ń dún pó, pó, bí akèrègbè òfìfo. Sìmẹ́ǹtì ti dá dúró, amọ̀ ti dá dúró. Omi tó ń ṣàn bọ̀ látorí òkè ń dúró sí ẹsẹ̀ ògiri, amọ̀ ń fà á mu látìsàlẹ̀, kò sì rí ọ̀nà gbẹ, torí sìmẹ́ǹtì ti bò ó pa. Mo ki ìka bọ ibi tó sán. Ó rọ̀ bí ẹ̀kọ inú ewé. Kí n tó rówó pe bíríkìlà, lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, ògiri yàrá ìyá mi wó síta, gbìì! Síta o. Ká ní inú ló wó sí ńkọ́? Orí bẹ́ẹ̀dì ni ìyá mi wà. Dòní, bí òjò bá ṣú, oorun kì í kùn mí. A pe ọ̀gá yẹn títí, kò gbé fóònù.

Gọ́tà ẹ̀yìn ilé ni mo kọ́kọ́ gbẹ́, kí omi òkè gba ibòmíràn. Mo wá fa páànù kọjá ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ṣùgbọ́n bí páànù bá ti yọ síta báyẹn, afẹ́fẹ́ ti rí ibi dì mú nìyẹn, ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò kì í sì í ṣeré lórí òkè. Káfíńtà tó bá ní ìṣó nìkan ti tó, lé e lọ. Kó fi wáyà nínípọn so igi òrùlé mọ́ ògiri.

Búlọ́ọ̀kù ilẹ̀ pupa la fi gbé ògiri tó wó padà: bàgì sìmẹ́ǹtì kan sí bárò ilẹ̀ mẹ́fà. Kí wọ́n má sá a sóòrùn o! Abẹ́ ibòji ni, kí wọ́n máa wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán. Àwọn ògiri yòókù, amọ̀, koríko gígé àti ẹbọ́tọ láti gàá Fúlàní la pò pọ̀ fi rẹ́ wọn. Ìyá mi se èèpo irúgbá, ó fi omi rẹ̀ pa ojú ògiri. Mo fi í ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Má sì jẹ́ kí wọ́n dí fèrèsé ilé ìdáná nítorí ẹwà. Èéfín ń ba ojú àwọn ìyá wa jẹ́.

Àbí iye bàgì lo béèrè? Lẹ́ẹ̀kejì, bàgì 5 ni mo lò: 4 fún búlọ́ọ̀kù, ọ̀kan fún ìdí gọ́tà. Lọ wo ẹ̀yìn ilé bàbá yín ná.