Èsì: Ọ̀bẹ tí kò gé tòmátì mọ́

Àǹtí, ẹ má tíì ra òmíràn. Ọ̀bẹ tí ẹ ní ẹ rà ní Balógun, tó ń tẹ tòmátì fọ́ dípò kó gé e, kò bàjẹ́. Ẹnu rẹ̀ ló kú.

1. Ẹ da kọ́ọ̀pù amọ̀ tí ẹ fi ń mu tíì dojú dé. Ẹ ó rí òrùka kan nídìí rẹ̀ tí kò dán, tó ń ha ọwọ́.
2. Ẹ ta omi sí i, ẹ gbé ẹnu ọ̀bẹ lé òrùka náà, kó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, kẹ́ ẹ rọra fà á láti ìdí dé ṣóńṣó. Ìgbà 10 lápá kan, ìgbà 10 lápá kejì.

Ọ̀bẹ tí kò léyín nìkan lèyí wà fún o. Ti búrẹ́dì tó rí bí ayùn, ẹ fi sílẹ̀.

Àmọ́ mo fura sí nǹkan kan: ṣé inú abọ́ irin kọ́ lẹ ti ń gé ẹran? Èmi náà ṣe é títí ní Súrùlérè, tí mo ń bú ọlọ́bẹ. Irin abọ́ náà ló ń pa ẹnu ọ̀bẹ; orí pákó ni kẹ́ ẹ ti máa gé e.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ ra tuntun lọ́jọ́ kan, ẹ wo èèkù rẹ̀: kí irin ọ̀bẹ náà gba àárín igi méjì tó di èèkù já dé ìdí. Tèmi rí bẹ́ẹ̀. Ó wúwo díẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àlùbọ́sà kì í bá a jà.