Ẹ Bi Táńtí: Ṣé manga ló ń ba àbúrò mi jẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Táńtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Àjàṣẹ́ níbí ni mo wà, lápá Ouando. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni, ọmọ ọdún 15, kọ́lẹ́ẹ̀jì ló wà. Látìgbà tí bàbá wa ti lọ Gabon ló ti pa bọ́ọ̀lù tì, inú yàrá ló ń wà ṣáá pẹ̀lú pọ́tábù, manga kan (ìwé ìtàn alàwòrán àwọn ará Japan) tí wọ́n ń pè ní Bonne nuit Punpun ló ń kà. Màmá wa rí ẹyẹ kékeré lára ẹ̀, wọ́n ní eré ọmọdé ni. Èmi ṣí i, ohun tí mo rí níbẹ̀ kì í ṣe tọmọdé rárá. Àwọn ará ilé ní ìwé yẹn ló mú un, pé ká gbàdúrà lé e lórí. Ṣé kí n gba pọ́tábù náà?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o ṣé tó o ṣí i wò. Inio Asano, ará Japan tó yà á, inú ìwé ìròyìn àwọn àgbà ló ti ń gbé e jáde láti 2007 sí 2013, ó di ìdìpọ̀ 13. Ilé, títì, àwọn èèyàn yòókù, ó yà wọ́n bí ẹni ya fọ́tò, àfi Punpun, ọmọ tí ìtàn náà dá lé, àti ẹbí ẹ̀ nìkan ló fi ṣe ẹyẹ rúdurùdu. A kì í sì í rí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ yẹn, wọ́n máa ń ròyìn ohun tó sọ fún wa ni, ìyẹn ló ká mi lára jù, kéèyàn wà láàárín èrò kó má sẹ́ni tó gbóhùn ẹ̀. Bí ọkàn ẹ̀ ṣe ń bàjẹ́ ni ìrísí ẹ̀ ń yí, ó di nǹkan onígun mẹ́ta, nígbà tó yá ó hu ìwo. Àbúrò ìyá ẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pe Ọlọ́run, "Ọlọ́run" ọ̀hún á yọ pẹ̀lú irun gbàgàdà, á máa rẹ́rìn-ín, kò ní ṣe nǹkan kan (kí àwọn ará ilé yín má tíì dé ojú ewé yẹn o).

Ìpànìyàn wà níbẹ̀, ìbálòpọ̀ tipátipá wà níbẹ̀, tó bá jẹ́ èmi mi ò ní fún ọmọ ọdún 15. Ṣùgbọ́n tún lẹ́tà ẹ kà, ìwọ fúnra ẹ lo sọ pé látìgbà tí bàbá yín ti lọ ni. Bàbá Punpun náà kúrò nílé nígbà tó ṣì kéré. Àbúrò ẹ ti dákẹ́ kó tó rí ìwé, ó kàn rí ẹni tó jọ ọ́ níbẹ̀ ni.

Má gba pọ́tábù o, á kà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, á sì tún di ẹnu ẹ̀ pa sí ẹ. Jókòó tì í, ní kó sọ ìtàn náà fún ẹ, kó o má ṣèdájọ́. Bi í tààrà bóyá ó ń ro ikú, bíbi í kò ní fi èrò yẹn sí i lórí. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tàbí tí kò jẹun tí kò sùn mọ́, má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà, tí wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ lọ Jacquot, ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Kùtọnú, ẹ lọ, kì í ṣe ibi àwọn tó ń rìn ní ìhòòhò lọ́jà nìkan. Àdúrà lè máa bá a lọ.

Tí bàbá yín bá sì pè, ẹ má sọ pé "ara gbogbo wa le" kẹ́ ẹ gé e, ẹ gbé pọ́tábù fún ọmọ yẹn kẹ́ ẹ jáde nínú yàrá.