Wọ́n Jí Bátànì Mi: Ta Ni Mo Tún Lè Bá Ṣẹgbẹ́?

"Ẹ̀gbọ́n, aládìrẹ ni mí l'Ábẹ́òkúta. Mo gbé bátànì tuntun sínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan tí obìnrin inú rẹ̀ lé ní 200. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹlòmíì fi ń tà á. Ní báyìí, èmi nìkan ni mò ń rẹ aṣọ, ọmọ ọdún méjì ń fà mí láṣọ. Ọkọ mi ní ẹgbẹ́ obìnrin kì í pẹ́. Kí ni kí n ṣe?" – Aláró Tó Dá Wà

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá ọkọ rẹ lóhùn: ìlú tí ẹ ń gbé yẹn ni àwọn obìnrin ti kó ara wọn jọ lórí owó orí ní 1947, títí Aláké fi kúrò lórí oyè ní 1949. Ẹgbẹ́ obìnrin ń pẹ́. Èyí tí kì í pẹ́ ni irú èyí tó o bọ́ sí: igba èèyàn, ọjà kan náà, oníbàárà kan náà. Kí ló fẹ́ so wọ́n pọ̀?

Ẹni márùn-ún péré ni kó o kó jọ, kí iṣẹ́ ọwọ́ wọn má sì jọra: ẹni tó ń fi ìyẹ́ àti ẹ̀kọ ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹni tó ń fi ìko di àdìrẹ oníko, ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ rán àdìrẹ alábẹ́rẹ́, télọ̀ kan, ẹni tó mọ fọ́tò yà. Láyé àtijọ́ pàápàá, ẹni tó ni bátànì àti aláró tó ń rẹ ẹ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sábà máa ń jẹ́.

Ìpàdé ọ̀rọ̀ kọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ ra hydros (kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí aró mú aṣọ) àti sódà aláró (caustic soda). Ọjọ́ tí ẹ bá rà á gan-an ni kí ẹ pín in sínú ike tí ìdérí rẹ̀ le, torí hydros tí atẹ́gùn tàbí omi bá ti kàn, agbára rẹ̀ ń lọ nìyẹn, aró rẹ̀ kò sì ní mú aṣọ dáadáa. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹni tó gba tirẹ̀ kẹ́yìn á ní wọ́n fún òun ní ayédèrú. Inú omi ni kí ẹ máa da sódà sí, ẹ má da omi lé sódà lórí, á ta séèyàn lójú. Lọ́jọ́ ìrẹṣọ, kí ẹnìkan máa bá yín wo àwọn ọmọ nínú ilé, kí ẹ máa gbà á fún ara yín.

Àjọ ló kàn. ₦10,000 lóṣù, ₦50,000 fún ẹni tó bá kàn. Ẹ ṣẹ́ kèké, àyàfi ẹni tí ẹ kò tíì mọ̀ dénú, kóun kó kẹ́yìn. Ẹni tí owó àjọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́ ni kó tún máa tọ́jú owó hydros.

Aṣọ ẹbí 200 yáàdì ni yóò dán yín wò. Bí kálukú bá gbé tiẹ̀ lọ rẹ nílé, ìkòkò mẹ́ta, búlúù mẹ́ta ni ìyàwó á bá nínú ẹrù. Ẹ ra funfun látinú ìdì kan náà, ẹ pín yíyà àti dídi láàrin ara yín, ṣùgbọ́n kí aró jẹ́ ìkòkò kan, lọ́wọ́ ẹnìkan. Ẹni tó mú iṣẹ́ wá á kọ́kọ́ yọ ìdá mẹ́wàá èrè kí ẹ tó pín ìyókù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí owó tó wọlé, torí owó tó ti wọlé ti di tẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàárà tí kò bá san ìdajì ṣáájú, ẹ má fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀.

Bátànì tó lọ ti lọ. Láàrin ẹ̀yin márùn-ún, ẹ gbà pé bátànì tuntun jẹ́ ti ẹni tó yà á fún oṣù mẹ́fà. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó bèèrè. Ti Ìbàdàn Dùn, bátànì àtijọ́ tó ní òpó gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn nínú, kò sí nínú èyí o. Ta ló fẹ́ sọ pé òun ló ni òpó Mápó?

Bí o bá dé ọjà àdìrẹ Ìtòkú lọ́sẹ̀ yìí, má wá ẹni tó ń ta ohun tí ò ń tà. Télọ̀ tó ń ra yáàdì márùn-márùn lọ́wọ́ rẹ ni kó o kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.