Èsì: Omi ṣúgà 40% àti 10%, báwo la ṣe máa rí 20%?

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ìyá wa ní Ṣàgámù. Ẹ ní wọ́n ní kí ọmọ yín po omi ṣúgà 40% mọ́ ti 10%, kó di 30 kílò tó jẹ́ 20%, kílò mélòó ni yóò mú nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Ẹ jẹ́ kó gbójú kúrò lára omi, ṣúgà ni kó máa kà. Ẹni tó ń mu gàrí Ìjẹ̀bú mọ̀ ọ́n: bó bá bu omi kún un, adùn rẹ̀ á dínkù, àmọ́ ṣúgà inú abọ́ kò dín.

Kó pe ti 40% ní x. Ti 10% á wá jẹ́ 30 − x. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣìnà. Wọ́n á tún lọ wá y, iṣẹ́ á di méjì. Àpapọ̀ ṣúgà inú méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ti inú àpòpọ̀ dọ́gba:

0.4x + 0.1(30 − x) = 0.2 × 30
0.3x + 3 = 6
x = 10

Kílò 10 nínú ti 40%, 20 nínú ti 10%. Kó yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀: ṣúgà kílò 4 àti 2, ó di 6. Bó bá jẹ́ omi lásán ni wọ́n fi là á, kó kọ 0% fún omi náà. Ọ̀nà kan náà ni.