Èsì: Bí wàá ṣe bẹ̀rẹ̀ Orí Kejì

Àbúrò mi, o ní ọ̀sẹ̀ 3 rèé tí o ti ń fi Orí Kejì prọ́jẹ́ẹ̀tì rẹ dọ́la. Ọ̀lẹ kọ́ ló ń ṣe ọ́, ẹ̀rù ni. Iṣẹ́ náà tóbi lójú rẹ, o ò sì mọ ibi tí wàá ti dì í mú. Má kọ "Orí Kejì" sínú ètò rẹ mọ́, kọ "ojú ìwé 5 ni mo fẹ́ kà, gbólóhùn 3 ni mo fẹ́ kọ." Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni Francesco Cirillo ní Ítálì nígbà tó fi aago ìdáná tó rí bíi tòmátì ran ara rẹ̀ lọ́wọ́: iṣẹ́ ìṣẹ́jú 25, ìsinmi ìṣẹ́jú 5. Mo gbìyànjú ẹ̀, mo sì gbé fóònù fún ọ̀rẹ́ mi ní yàrá kejì. Fóònù yẹn gan-an ni ọ̀tá! Bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní, jọ̀ọ́.